Mo Ti Wọlé, Mo Ní Ilẹ̀kùn Ò Ṣí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má tíì ṣàánú mi. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ tó ń kọ ìtàn ara wọn ránṣẹ́ síbí, àánú ni wọ́n ń wá. Èmi ò wá a. Ohun tí mo ṣe rí mi lára, ó ṣì ń rí mi lára bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mo sì fẹ́ kó rí ẹ̀yin náà lára.

Ẹnìkan máa kà á, á ní irọ́ kékeré ṣá ni. Kó fara balẹ̀.

Mi ò kàwé lọ títí nígbà èwe mi. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà tó gún régé, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn tí mo ti lé lógún ọdún dáadáa. Ọkùnrin kan wá sí kíláàsì wa lọ́jọ́ kan, ó wá fi bí wọ́n ṣe ń so kọ̀ǹpútà mọ́ra wọn hàn wá. Oníwáyà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, torí kì í rìn láìfi wáyà kọ́rùn bí ẹni kó ìlẹ̀kẹ̀. Òun ló sọ fún mi pé làábù àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí òun ń bá tọ́jú kọ̀ǹpútà ń wá ẹni tó máa tẹ èsì. Òun ló mú mi dé iwájú Dókítà, ìyá tó ni làábù náà. Ó ní, "Mà, ọwọ́ ẹ̀ ò yá púpọ̀ o, ṣùgbọ́n kì í kọ ohun tí kò bá rí."

Bí mo ṣe ríṣẹ́ nìyẹn.

Làábù kékeré ni. Yàrá mẹ́ta, kọ̀ǹpútà márùn-ún, gbogbo wọn so pọ̀ mọ́ àpótí pẹlẹbẹ kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù, tí iná wẹẹrẹ ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò á fọwọ́ kọ èsì sórí ìwé. Sìsí Káńtà, ọmọbìnrin tó ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà, á ya àwòrán ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà kẹta. Èmi á wá tẹ̀ ẹ́ létòlétò kí Dókítà tó buwọ́ lù ú. Bí mi ò bá tíì tẹ̀ ẹ́, aláìsàn ò lè gba nǹkan kan.

Nígbà tí mo bímọ, tí ìsinmi ìbímọ tán, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Mo lọ wo ilé obìnrin kan tó ń bá èèyàn tọ́jú ọmọ. Ìgò oúnjẹ mẹ́fà wà lójú fèrèsé, wàrà tó ti kan lẹ̀ mọ́ ìdí wọn, eṣinṣin ń wọ ẹnu ọ̀kan, ó ń bọ́ sí ti èkejì. Ọmọ ẹlòmíràn jókòó sínú dáíápà tó ti wú bí ìrọ̀rí. Òórùn ibẹ̀ bá mi délé. Mo sọ fún ọkọ mi pé kàkà kí ọmọ mi débẹ̀, màá fiṣẹ́ sílẹ̀.

Oníwáyà ló tún gbà mí. Ó lọ ṣàlàyé fún Dókítà pé ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní VPN, pé ó dà bí ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tó máa ti ilé mi já sínú làábù. Ó ní èmi nìkan ni màá ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Màá jókòó ti ọmọ mi, màá sì máa lo kọ̀ǹpútà kẹta bí ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Dókítà ò kọ́kọ́ gbà. Oníwáyà ní bí kò bá ṣiṣẹ́, òun ni kí wọ́n mú.

Ọjọ́ Ajé ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ ohun tó ní kí n tẹ̀, kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n fún mi sì kọ ọ́ sójú pé mo ti wọ ọ̀nà náà. Inú mi dùn. Àmọ́ nígbà tí mo wá kọ̀ǹpútà kẹta, kò sí. Mo wá ìkejì, kò sí. Ó dà bí ẹni tó ṣílẹ̀kùn wọlé tí kò bá yàrá kankan níbẹ̀.

Mo pe Oníwáyà. Ó bi mí bóyá iná ràútà, àpótí tó ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì wọ ilé wa, ń tàn, bóyá mo rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò, bóyá mo kọ orúkọ mi dáadáa. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ohun kan ṣoṣo tí ì bá parí ìtàn yìí lọ́jọ́ náà:

"Bá mi wo nọ́ńbà ràútà ilé yín. Ti làábù níbí, 192.168.1 ló fi bẹ̀rẹ̀. Tiyín ò gbọdọ̀ bá a dọ́gba o."

Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń wò ó.

Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni: mi ò mọ̀ ọ́n wò. Ọmọdé á sọ ọ́ láìronú. Ṣùgbọ́n ẹni tó dàgbà kó tó kàwé, ẹ̀rù kan máa ń bà á tí ẹni tó kàwé lásìkò ò lè mọ̀. Ó máa ń rò ó pé lọ́jọ́ tóun bá sọ pé òun ò mọ nǹkan, wọ́n á ní a kúkú mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fi ìka gbá kíbọ́ọ̀dù pẹ́pẹ́pẹ́ kó lè máa gbọ́ ọ. Mo wá ní, "Mo ti wò ó, ẹ̀gbọ́n. Kò dọ́gba."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ó ní ó dáa, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ òun ni àìsàn wà.

Bó ṣe di pé ó ń wá àìsàn níbi tí ara ti le nìyẹn. Lọ́sẹ̀ kìíní, ó tú àpótí orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó tún un tò. Làábù ò rí ìwé kan tẹ̀ jáde fún ìdajì ọjọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ó pààrọ̀ wáyà kọ̀ǹpútà kẹta, ó tú gbogbo ọ̀nà náà palẹ̀, ó tún un là láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Sìsí Káńtà, tó ti wá ń bá mi tẹ èsì mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀, ló wá fi í ṣe ẹ̀rín. Ó ní, "Oníwáyà, ṣé o ò kúkú ní máa fi kẹ̀kẹ́ gbé èsì yìí lọ fún Ìyá Ìkókó? Kẹ̀kẹ́ á tètè dé ju ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ rẹ lọ." Ìyá Ìkókó ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Oníwáyà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú.

Dókítà ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n fún Oníwáyà di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kẹta. Bí Ìyá Ìkókó ò bá tíì dé inú kọ̀ǹpútà kẹta nígbà yẹn, kó kó wáyà rẹ̀, àwọn á wá ẹlòmíràn. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ilé ìtẹ̀wé tó ń bá ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ti kógbá sílé. Làábù yìí nìkan ló kù fún un.

Kí n wá sọ ibi tó burú. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn dùn mọ́ mi.

Ọmọ mi á sùn sórí àyà mi láàárín ọ̀sán gangan, èmi náà á sùn. Mi ò gbọ́ aago, mi ò gbọ́ ọ̀gá. Kò sì sẹ́ni tó lè pè mí ní ọ̀lẹ, nítorí ọ̀nà ni kò là, kì í ṣe èmi ni mi ò rìn. Bí Oníwáyà bá pè, màá mú ohùn mi wálẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn, màá ní, "Ẹ kú wàhálà, ẹ̀gbọ́n. Kò tíì gbà o." Á ní kí n má banú jẹ́, òun ò ní sinmi.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹta, Tíṣà wa láti ilé ẹ̀kọ́ àgbà wá kí ọmọ. Ìyá àgbàlagbà kan ni wọ́n, awò wọn kì í dúró lórí imú. Mo ròyìn ọ̀nà tí kò là fún wọn, mo sì ròyìn rẹ̀ bí ẹni tí Oníwáyà ń fìyà jẹ. Wọ́n gbé ọmọ lé èjìká, wọ́n béèrè bóyá mo ti wo nọ́ńbà ràútà.

Ojú kì í tì mí lọ́dọ̀ Tíṣà. Wọ́n mọ̀ mí nígbà tí mi ò lè kọ orúkọ mi. Mo ní, "Ibo ni wọ́n ti ń wò ó, mà?"

Wọ́n fi hàn mí. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. 192.168.1. Bákan náà ni pẹ̀lú ti làábù, kò yàtọ̀ níbì kan.

Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Bí o bá ń gbé ní Ojúlé Kẹta, tí ẹni tó o kọ̀wé sí ní ìlú kejì náà ń gbé ní Ojúlé Kẹta, tó ò wá kọ orúkọ ìlú sí i, ibo ni ìwé náà máa lọ? Ààrin ilé rẹ níbí náà ló máa máa yí po. Kọ̀ǹpútà rẹ ò jáde rárá, ọmọ mi. Inú pálọ̀ yín níbí ló ti ń wá kọ̀ǹpútà kẹta." Wọ́n kọ bí mo ṣe máa yí nọ́ńbà ilé padà sórí bébà fún mi. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n ní, "Pe ọkùnrin yẹn lónìí o. Á ti máa jìyà."

Mi ò pè é lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí mo jẹun ọ̀sán, mo gbé bébà Tíṣà sílẹ̀, mo sọ ení tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà náà di àádọ́ta. Ràútà kú, ó jí. Mo wọ ọ̀nà. Mo wá kọ̀ǹpútà kẹta.

Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú mi. Àwòrán ìwé èsì tò sójú rẹ̀ lọ bí ẹyẹ lórí wáyà. Mo kà wọ́n. Mẹ́tàlélógójì. Sìsí Káńtà ò lè bá wọn tán. Ènìyàn mẹ́tàlélógójì ń dúró, mo mọ̀ ọ́n, mo sì ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo ojú ọjà láti ojú fèrèsé. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni, ó di ẹ̀wù mi mú. Mo ronú pé bí mo bá ti ní ọ̀nà ti là, gbogbo mẹ́tàlélógójì yìí á wó lé mi lórí kí oòrùn tó wọ̀. Mo tún ronú pé Oníwáyà á béèrè ohun tí mo yí padà. Kí ni màá sọ?

Fóònù dún. Òun ni. Ó kọ́kọ́ wúkọ́, kó tó lè sọ̀rọ̀.

"Ìyá Ìkókó, inú àjà làábù ni mo wà. Orí ìgbẹ́ eku ni mo dojú dé sí báyìí, má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún ẹ. Mo ti fa wáyà tuntun láti ẹnu ọ̀nà. Gbìyànjú ẹ̀ wò."

Kọ̀ǹpútà kẹta wà níwájú mi. Mo ń rí aago tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Mo ní, "Kò tíì ṣí o, ẹ̀gbọ́n."

Mo gbọ́ tó ń fọwọ́ gbọn nǹkan kúrò lójú. Ó tún wúkọ́, ó wá ní, "Kò burú. Má bínú, jàre. Màá tún wá nǹkan ṣe sí i."

Èmi ló ní kí n má bínú.

Mo pa kọ̀ǹpútà náà dé. Òórùn wàrà tó wà lára ẹ̀wù mi, tí mo ti ń gbọ́ láti ọjọ́ tí mo bímọ láìkà á sí, ṣàdédé rí mi lára. Mo bọ́ ẹ̀wù náà sílẹ̀. Ìwẹ̀ tí mo wẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò mọ iye ìgbà. Ẹ ò wá ní gbàgbọ́ pé lẹ́yìn gbogbo ìyẹn mi ò gbé fóònù pè é padà. Mo ní ó di ọ̀la.

Nígbà tó di ọ̀la, ó pè, ó ní kí n tún gbìyànjú. Mi ò tilẹ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo ka ení dé ẹ̀wá nínú mi, mo ní kò gbà. Ọkọ mi darí dé, ó béèrè bóyá ọ̀nà ti là. Mo ní rárá. Ó ní ọkùnrin yẹn mà ń gbìyànjú o, pé kí a fi àdúrà ràn án lọ́wọ́. Mo ní àmín.

Ọjọ́bọ̀, Dókítà pè mí fúnra wọn. Wọn kì í pè mí. Wọ́n ní, "Ìyá Ìkókó, ìwọ lo sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù. Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́?"

Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́run ṣí fún mi nìyẹn. Ó ṣí i tán, ó tún di í mú. Mo sì ní:

"Mà, wọ́n ń gbìyànjú o. Ó kàn jọ pé iṣẹ́ ọ̀hún ti ju agbára wọn lọ ni."

Dókítà ní òun náà ti ń rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká wá lọ́la ní aago mẹ́wàá, Oníwáyà máa kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Mo gbé ọmọ dání lọ. Yàrá Dókítà ni a pé sí, Dókítà, Sìsí Káńtà, Oníwáyà àti èmi. Ọrùn Oníwáyà ti lé wẹ́wẹ́ pupa láti etí dé èjìká. Eruku àjà yẹn ló bá a jà. Ó ń yún un, ó sì ń tiraka kó má họ ọ́ lójú ọ̀gá. Ó kí mi, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ mi, ó ní ó ti tóbi sí i.

Kò bẹ Dókítà. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́ ṣe kí òun tó lọ. Ó ní àpótí orí kọ́bọ́ọ̀dù máa ń kọ gbogbo ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn ọ̀nà náà sílẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí, àti ibi tó dé. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni òun ti wò ó gbẹ̀yìn, torí ohun kan náà ló ń kọ. Òun ti tẹ̀ ẹ́ jáde báyìí, òun fẹ́ kà á sókè kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn òun lè mọ ibi tí òun bá iṣẹ́ dé.

Mi ò mọ̀ pé àpótí ń kọ nǹkan.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Ọjọ́ Ajé, ó kanlẹ̀kùn, ó wọ ọ̀nà, kò dé kọ̀ǹpútà kankan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kanlẹ̀kùn, kò dé kọ̀ǹpútà kankan." Bẹ́ẹ̀ ló ń kà á lọ, ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀sẹ̀ kejì, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Ó dé ọ̀sẹ̀ kẹta. Ó ka ọjọ́ Ajé. Ó dúró.

Ó gbójú sókè wò mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ó wo ọmọ tó wà lọ́wọ́ mi. Ó padà sínú ìwé rẹ̀, ó ní, "Ọjọ́rú, kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn."

Dókítà ní, "O fo Ìṣẹ́gun."

Ó fẹ́ ṣí ojú ìwé tó kàn.

"Mo ní o fo Ìṣẹ́gun. Kà á."

Ó kà á. Kò wo ẹnikẹ́ni. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó wọ ọ̀nà. Ó dé kọ̀ǹpútà kẹta. Ó lo ìṣẹ́jú méjìlélógún níbẹ̀."

Sìsí Káńtà ní, "Ìṣẹ́gun kẹ̀? Ṣebí ọjọ́ tó wọ inú àjà nìyẹn." Ó wá gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ, ó fọwọ́ bo ẹnu náà.

Oníwáyà ṣẹ́ ìwé náà sí méjì jẹ́jẹ́. Ó bi mí, "Nígbà tí mo pè ẹ́, o ti wà nínú ẹ̀?"

"Mo ti wà nínú ẹ̀."

"Ò ń wo kọ̀ǹpútà kẹta?"

"Mò ń wò ó, ẹ̀gbọ́n."

Ó mi orí. Ó ní, "Mo tún ní kó o má bínú." Ìgbà yẹn ló wá họ ọrùn rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, nọ́ńbà tí mi ò wò, Tíṣà, mẹ́tàlélógójì, oorun ọ̀sán. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń rùn sí i. Ọmọ mi bú sẹ́kún. Tẹ́lẹ̀, Sìsí Káńtà ni á já a gbà lọ́wọ́ mi kó tó ké lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ yẹn, ó wò mí bí èèyàn ṣe ń wo aṣọ tí ọmọ bì sí, kò sì na ọwọ́.

Dókítà bi Oníwáyà ìdí tó fi fo ìlà náà.

Ó ní, "Ó lọ́mọ lọ́wọ́, mà."

Bí wọ́n bá gbá mi létí níbẹ̀, ì bá sàn ju gbólóhùn yẹn lọ. Ó ti mọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí ìlà yẹn, ó sì ń fò ó kọjá nítorí ọmọ mi, èmi tí mo fi ọmọ kan náà ṣe àwáwí láti ba tirẹ̀ jẹ́.

Dókítà bẹ̀ ẹ́. Mi ò rí kí wọ́n bẹ ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n ní kó gbàgbé gbogbo ohun tí àwọn sọ, kó gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà. Ó dúró tòun ti wáyà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Ọdún mẹ́fà, mà, ẹ wá fi ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnìkan ní kí n máa lọ. Ẹjọ́ yín kọ́. Èmi náà fi ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n mi ò lè wọ inú àjà yẹn mọ́." Ó kí Dókítà dáadáa, ó fi ibi tí gbogbo nǹkan wà han Sìsí Káńtà, ó bá ẹnu ọ̀nà jáde.

Dókítà ò lé mi. Mo gbà pé ìyẹn gan-an ni ìyà. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ síbẹ̀ báyìí. Àbúrò ọkọ mi ló ń mú ọmọ dání fún mi. Abẹ́ àjà yẹn ni tábìlì mi wà. Nígbà míràn eku á sáré kọjá lókè, ìyẹ̀fun dúdú díẹ̀ á já bọ́ sórí kíbọ́ọ̀dù, gbogbo yàrá á dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Ìyá Ìkókó mọ́. Wọ́n ń pè mí ní "mà".

Ẹ̀yin ìyá ọmọ bíi tèmi, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ìwé lágbà bíi tèmi, bí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ ti wò ó, tí ẹ ò bá tíì wò ó, ẹ sọ ọ́. Àìmọ̀ ò rùn. Irọ́ tí mo fi bò ó ló rùn, ó sì lẹ̀ mọ́ ẹni tí kò ṣe nǹkan kan lára.

Mo kọ lẹ́tà sí Oníwáyà, ojú ìwé mẹ́ta, mi ò jẹ́ kí Tíṣà bá mi tún un ṣe. Ọjọ́ kẹsàn-án ni èsì dé sórí fóònù mi. Kò kí mi. Ó ní: "Mo rí i. Pásíwọ́ọ̀dù tí mo fún ẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lo ṣì ń lò. Lọ yí i padà. Mi ò fẹ́ máa mọ ohun tó ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn mọ́."

Mo jókòó wo kọ̀ǹpútà mi. Mo dìde, mo lọ bá Sìsí Káńtà níbi káńtà rẹ̀, àlejò méjì jókòó níbẹ̀. Mo ní, "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yí pásíwọ́ọ̀dù padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi."

Ó kọ́ mi. Kò wojú mi.